Àga Bàbá Mọ̀núrù Tí Ẹ Dá Padà

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Aránṣọ Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó
Sí Àlímọ̀t àti gbogbo ọmọ Bàbá Mọ̀núrù
Oṣù kẹta, ọdún 1976

Ìbànújẹ́ dorí gbogbo wa kodò ní Alàmísì tó kọjá, nígbà tí a gbọ́ pé Bàbá Mọ̀núrù, aránfìlà àgbà, ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Orí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ sípò ni lẹ́tà yín dé, tòun ti àga Bàbá lórí ọmọlanke. Ẹ ní ẹ yẹ ìwé Bàbá wò, pé ìtàn márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń ka ìtàn inú ìwé náà fún wa. Ẹ ní Bàbá pa irọ́ fún ẹgbẹ́, pé àga Olùkàwé tí ẹgbẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ kò tọ́ sí wọn, kí a jọ̀wọ́ forí jì wọ́n kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Awakọ̀ òkun kan tí Bàbá tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe ní Máríínà ló fún wọn ní ìwé náà. Òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan láyé àtijọ́ ló kọ ọ́, ẹni tí àwọn ìwé ńlá rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí. Bàbá kò wá ìwé ńlá. Àwọn ìtàn rẹ̀ kéékèèké ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n a ní, "Agbádá gbòòrò, ó lè bo àṣìṣe aránṣọ mọ́lẹ̀. Fìlà ńkọ́? Orí ló wà, gbogbo ayé ló ń wò ó."

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, a ó dá ẹ̀rọ dúró, a ó mú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́, kí a lè gbọ́ ohùn wọn. Bàbá a máa wo Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé, wọ́n a sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá. A mọ bí yìnyín ṣe ń bo òrùlé lọ́hùn-ún ju bí a ṣe mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ. Nígbà tí arúgbó kan tó ń ṣọ́ ọgbà kú nínú ìtàn kẹta, ẹgbẹ́ ṣe sàráà fún un. Ààfáà Jíbrílù bèèrè orúkọ òkú. Alága wa, Mùsílíù, ní, "Ẹ ṣáà máa ṣàdúrà, Ààfáà, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n." Bàbá fúnra wọn jẹ àkàrà méje.

Ohun tí a kò sọ fún Bàbá rí nìyí: a mọ̀. Láti ọdún 1971 la ti mọ̀. Ní Sọ́ńdè kan, nínú ìtàn tí Bàbá ń kà, obìnrin ọlọ́lá kan ní Rọ́ṣíà lọ ra aṣọ. Ó ní iye tí wọ́n pè yẹn, ṣé aṣọ náà ń sọ̀rọ̀ ni? Ó yíjú padà, ó ń rọra lọ. Bẹ́ẹ̀, Àdìjátù wa tó ń rán bùbá ti fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà bá aláṣọ jà ní Jankara ní Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú, Bàbá ló sì tẹ̀ lé e lọ. Èmi akọ̀wé ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ni Àdìjátù fi ìgúnpá gún mi níhà. "Ṣàkírù, gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Jẹ́ n mọ̀ bóyá wọ́n máa pè mí padà."

Wọ́n pè é padà. Inú Àdìjátù dùn títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ń ṣí ojú ewé tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà míràn pàápàá wọ́n á dorí ìwé kodò, a ò wí nǹkan kan. Ta ni wọ́n wá tàn? Wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìtàn sísọ lára ìtàn márùn-ún yẹn ni, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń tú aṣọ ọ̀gá wò kó tó mọ tirẹ̀ rán. Ká ní a sọ fún wọn pé a mọ̀ ni! Èyí nìkan ló ń dùn wá báyìí.

Nítorí náà, ẹ má tijú Bàbá yín rárá. Ẹgbẹ́ ni yóò gbọ́ oúnjẹ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a ó sì rán fìlà fún gbogbo ọmọ-ọmọ wọn. Ọmọlanke kan náà ló ń gbé àga yín bọ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Nínú ìtàn tí wọ́n sọ kẹ́yìn, Bàbá fi opó kan sílẹ̀ ní etí odò Rọ́ṣíà, ó ń wo ọkọ̀ tó gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀ nínú ìjì. Wọ́n ní ìyókù di Sọ́ńdè. Alága ní ọkọ̀ á gúnlẹ̀, Àdìjátù ní ó ti rì, wọn ò kí ara wọn mọ́. Kò sí ìwé kankan láyé tí a lè yẹ̀ wò. Àlímọ̀t, Bàbá máa ń sọ pé ẹ̀yin lẹ jogún ẹnu àwọn.

Kí Ọlọ́run Ọba fi Àlùjánnà ṣe ilé fún Bàbá. Kí Ó tù yín nínú, kí Ó nu omijé ojú yín nù. Nígbà tí omijé náà bá sì gbẹ, kí Ó mú Àlímọ̀t gbé àga yìí wá jókòó láàárín wa ní Sọ́ńdè kan, nítorí opó náà ṣì wà létí odò, òjò sì ń pa á. Àmín.

Ṣàkírù, akọ̀wé ẹgbẹ́