Iná Ẹ́ńjìnnì Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Arówólò,
Ìgàndò, Alímọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 2012.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, Bọ̀dá Raheem. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti ń san? Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́. Ara èmi àti Táyéwò ọkọ mi le. Ìyá wa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ ó sì rí ìdí tí mo fi dúpẹ́ ìyẹn.

Ẹ retí wa ní Sátidé tó kọjá, ẹ ò rí wa. Mo kàn sọ lórí fóònù pé ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀. N ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ni ǹ bá fi sọ ìyókù.

Ẹ rántí ohun tí a jọ fẹnu kò lé, pé iyè Ìyá ti ń ra, kí a dá wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀: bí a bá ti gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Abúlé Ẹ̀gbá láàárọ̀, orí á máa fọ́ wọn, wọ́n á sùn lọ sórí àga, wọ́n á máa pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Lọ́jọ́ kan wọ́n kírun ọ̀sán tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní àwọn ò tíì kí i. Lọ́jọ́ Àìkú tí a kì í jáde, ojú wọn á mọ́ kedere. A ní bí ọjọ́ ogbó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìrìn àjò tí a fẹ́ fi gbé wọn wá yẹn ló jẹ́ ká rántí iná ẹ́ńjìnnì. Iná pupa rúsúrúsú kan ni, níwájú dẹ́rẹ́bà, ó ti ń tàn láti èṣí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkọ̀ wa ti gbó. Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, iná kú, ó tún tàn. Òmíràn pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ó tún tàn. Rewáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ní Akówọ́njó tilẹ̀ fẹ́ yọ gílóòbù rẹ̀ dànù kí ọkàn wa lè balẹ̀. Táyéwò ní iná yẹn ti di ará ilé, ó ku ká máa bu oúnjẹ fún un.

Mo ní mi ò ní gbé ìyá mi rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú iná tí a ò mọ ohun tó ń sọ. La bá lọ sọ́dọ̀ Olúgbénga, mẹkáníìkì tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kọ̀ǹpútà náà ní sẹ́ńsọ̀ ni. Olúgbénga ní bí a bá ti pààrọ̀ ìyẹn tí iná ò kú, a jẹ́ pé páìpù èéfín ti là nítòsí rẹ̀. Ó ki àkísà bọ ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní kí Táyéwò sítáàtì ọkọ̀ kó sì tẹná, ká wo ibi tí èéfín á gbà yọ.

Bọ̀dá mi, inú ọkọ̀ ló gbà yọ. Mo dúró ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo rí i tí èéfín ń rú bọ̀ lábẹ́ àga, lápá ọ̀tún. Olúgbénga tú àga, ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ ọkọ̀ ti dípẹtà, ó ti lu, ihò náà gba ìkúùkù mi. Páìpù tún ti là ní ọ̀gangan ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ó bi wá pé, "Ta ló máa ń jókòó síbí?" Táyéwò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́ wọ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni ìjókòó ọ̀gá. Níbẹ̀ là ń fi Ìyá sí. Bí wọ́n bá fẹ́ bọ́ síwájú, Táyéwò á ní rárá o, ìyá ọlọ́kọ̀ kì í jókòó ti dẹ́rẹ́bà. Èmi á yí gíláàsì wọn sókè kí eruku má ba ìborùn wọn jẹ́, àwa méjèèjì níwájú á ṣí tiwa sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ la rò pé à ń bù fún wọn. Èéfín olóró là ń fún ìyá wa fà símú láràárọ̀, tí a tún ń bi ara wa pé kí ló ń ṣe orí wọn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Olúgbénga ní tí a bá gbé wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́ báyẹn, a lè jí wọn kí wọ́n má jí mọ́.

Dókítà tí a gbé Ìyá lọ bá náà ní èéfín yẹn ni. Láti ọjọ́ náà Ìyá ò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́, ojú wọn ti mọ́ kedere, wọ́n sì ti ń bú mi pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, mo rò pé wọ́n á bínú ni. Wọ́n ní, "Hàbí, ṣé ó dá ẹ lójú pé orí mi pé?" Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn ti gba ọ̀rọ̀ tí à ń sọ gbọ́, pé iyè àwọn ń ra. Pé lálaalẹ́ kí àwọn tó sùn, àwọn máa ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín, àwọn á sì dágbére fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí àwọn ṣì mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti Ìdíátù ọmọ yín. Ìyá ò bọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa bọ̀, kí ẹ sì tètè wá, kí wọ́n lè pe orúkọ yín lójú yín.

Èmi ni tiyín, àbúrò tí àyà rẹ̀ kò tíì balẹ̀,
Hàbíbátù.