Bàbá Mi, Ẹ Má Wọ Kíjìpá Gun Òkè Yìí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú wàhálà kòkó tí òjò kò jẹ́ kó gbẹ. Mo kí ìyá mi tó ń fi sùúrù bá yín gbé. Mo kí Táyọ̀ àbúrò mi, ẹni tó ń ka ìwé mi fún yín ní Oda. Àlàáfíà ni mo wà, àmọ́ inú ń bí mi sí yín, n kò sì ní fi bò.

Ẹ ó béèrè ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo Àkúrẹ́ ń kà. Táyọ̀ ni kí ẹ bi. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ wá wò mí, mo kọ ìwé ránṣẹ́ sí yín nípa irú aṣọ tí ẹ máa dì sínú báàgì. Ìyá mi ló wá ránṣẹ́ sọ fún mi pé bí Táyọ̀ ti dé ibi tí mo ti dárúkọ òkìrìkà, ó wo ojú yín, ó wúkọ́, ó sì fo ibẹ̀ lọ síbi tí mo ti kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù yín ń bà á. Ó dára. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí, bí òun bá fò ó, ẹlòmíràn yóò kà á fún yín lójú títì.

N kò kàwé, ẹ̀yin náà mọ̀. Oko yín ni mo wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé-ìwé. Ìyá Bùnmi, ọmọ Oǹdó tó ń ṣe akọ̀wé níbi iṣẹ́ wa, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ mi le jù, kí n fi oyin díẹ̀ sí i. Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ. Ó ní àwọn ará Àkúrẹ́ kò mọ bí a ṣe ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀. Mo ní àwọn ará Oǹdó ló mọ̀ ọ́n jù, ìyẹn ló ṣe sá fún bàbá tirẹ̀ wá sórí òkè. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Ilé àlejò ni ibí yìí, nínú igbó, lórí òkè gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Kamẹrúùnù. Èmi ni mo ń la igi, tí mo ń dáná sí yàrá àwọn àlejò, tí mo ń ru ẹrù wọn. Láti ìgbà tí nǹkan ti le nílùú, àlejò kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ọ̀gá wa wá ní kí oníkálukú mú òbí rẹ̀ kan wá sinmi nínú yàrá tó ṣófo. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ gbà. Ìgbà tí mo gbọ́ pé kíjìpá tó kù lọ́wọ́ yín ni ẹ máa wọ̀ wá, inú mi bàjẹ́.

Ẹ kò lè ti gbàgbé ọjọ́ tí mo ń kúrò nílé. Mo ti ra súwẹ́tà òkìrìkà kan lọ́jà. Ẹ tú báàgì mi lójú gbogbo ará ilé, ẹ fi igi gbé súwẹ́tà náà bí ẹni gbé òkú ejò, ẹ jù ú sórí ààtàn. Ẹ ní aṣọ òkú òyìnbó ni, pé ọmọ yín kò ní gbé ikú ẹni tí kò mọ̀ kọ́rùn. Ẹ wá ká kíjìpá tí ìyá yín hun sínú báàgì mi. Ẹ ní òun ni bàbá yín fi ṣẹ́gun ọyẹ́, òun ni ẹ̀yin náà fi ṣẹ́gun rẹ̀.

Òótọ́ ni. Ọyẹ́ Oda kò lè fi kíjìpá ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òtútù gbígbẹ ni ọyẹ́. Òtútù ibí yìí, inú omi ló ń gbé. Kùrukùru a máa wọlé bí ewúrẹ́ aládùúgbò. Òjò a bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò ní pọ̀, kò sì ní dá, á kàn máa rin ènìyàn ṣáá. Òwú ni kíjìpá, omi ló ń mu. Kò pẹ́ tí mo dé tó fi mu omi títí tó wúwo bí àpò kòkó tútù, ó lẹ̀ mọ́ mi lára, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ wá bá egungun mi. Mo gbọ̀n débi pé àáké bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Bùnmi ló lé mi lọ sídìí iná, ó ní ṣé posí ni mo fẹ́ fi aṣọ yẹn wọ̀ ni.

Èmi tí ara mi le nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, tí àyà yín kò tíì dáa láti ọyẹ́ èṣí? Bàbá olówó kan gun òkè yìí wá pẹ̀lú àgbádá léèsì. Ó ní òun kò ní torí òjò ba iyì òun jẹ́. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n lọ sínú ọkọ̀ tó gbé e sọ̀kalẹ̀, títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó délé. N kò ní pọn bàbá tèmi bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, n kò ní pọ̀n yín.

Torí náà, ẹ má di kíjìpá. Ẹ má di àgbádá; ẹ̀ka igi ni yóò bá yín wọ̀ ọ́. Ẹ fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, bàtà rọ́bà tí ẹ fi ń wọ inú ẹrẹ̀ lóko ni kí ẹ wọ̀, kí ìbọ̀sẹ̀ sì pọ̀, torí èyí tó bá tutù kò ní gbẹ mọ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ kan ara yín, súwẹ́tà lé e, aṣọ òjò lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ di aṣọ tí ẹ máa fi sùn sínú ọ̀rá, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ le, ẹ má tú u àfi tí ẹ bá fẹ́ sùn. Nínú gbogbo ẹrù yín, fìlà abetí-ajá nìkan ni n kò bá jà. Ẹ fa etí rẹ̀ wálẹ̀ bo etí yín. Ẹ má jẹ́ kó nà ṣánṣán bí ẹni ń lọ jẹ oyè.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ẹ fi àkísà náà sílẹ̀ ní Oda.

Tí ẹ bá ti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kọjá, tí ọkọ̀ sì gbé yín rin ọ̀nà jíjìn dé ìdí òkè, ẹ ó rí ìyá kan tó ń sun àgbàdo níbi tí ọkọ̀ ń dúró. Ẹ dárúkọ mi. Yóò fún yín ní súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan. Ọkọ̀ tó ń gun òkè kò ní òrùlé, mo sì ti bẹ dírẹ́bà pé bí bàbá arúgbó kan láti Oda kò bá wọ súwẹ́tà yẹn, kó má gbé e. Ẹ ó ní ẹ ó fẹsẹ̀ gùn ún. Mo mọ̀ yín.

Òkìrìkà ni, n kò ní purọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, bó kú ni o, bó wà láàyè ni o, n kò mọ̀. Èmi ni mo ń wọ̀ ọ́ láti ìgbà tí mo ti bọ́ kíjìpá. Ìyá Bùnmi ti lẹ ìgúnpá rẹ̀. Èéfín iná tí mo ń dá ti wọ̀ ọ́ lára, fífọ̀ kò mú un kúrò. Ẹ gbé e sí imú, ẹ ó gbóòórùn mi. Òun nìkan ni mo ní. Mo ti bọ́ ọ, mo ti dì í sínú ọ̀rá, ọkọ̀ tó máa gbé ìwé yìí sọ̀kalẹ̀ ló máa gbé e. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, eyín mi ń lu ara wọn débi tí Ìyá Bùnmi fi ní òun kò gbọ́ mi dáadáa mọ́. Kò sí bó ṣe máa padà sí mi lára àfi tí ẹ bá wọ̀ ọ́ gòkè wá.

Kí Ọlọ́run mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀. Kí àyà yín le ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ. Kí kòkó yín rí oòrùn, kí ìyá mi rí oorun sùn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Oda, kí ẹ sì sọ fún Táyọ̀ pé kó kà á dópin.

Aṣọ òkú kọ́ ni, Bàbá. Aṣọ ọmọ yín ni.

Ọmọ yín,
Akínlàbí