Àfòpiná Tó Ní Ìwé Jù Mí Lọ

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, mo sì kí Bọ̀ọ̀dá Ràímì tí wọ́n máa ka lẹ́tà yìí fún yín. Kí wọ́n má fo ibì kankan.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé sórí àwọn òkè àpáta Sàbẹ lódìkejì ẹnubodè níhìn-ín, ètè mi sì ń là. Èmi nìkan ni mò ń dá jẹun. Iṣẹ́ oko ìrèké ń lọ. Ohun kan ló ń dùn mí: mò ń jowú, kì í sì í ṣe ènìyàn ni mò ń jowú.

Àfòpiná ni. Láti Íńdíà ni ọ̀gá wa ti gbà á, nínú àpótí, kí a lè dá irú rẹ̀ mọ̀ bó bá wọ inú ìrèké wa. Ó funfun, ó ti kú, abẹ́rẹ́ sì gún un láyà. Síbẹ̀ ìwé rẹ̀ pé. Scirpophaga excerptalis ni wọ́n ń pè é. Ìran rẹ̀, ìdílé rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti mú un, gbogbo rẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wá ṣe. Èmi tí mo ti Ṣakí wá, tí mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, tí èdè mi àti ti Sàbẹ jọra, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá mi padà nídìí ìwé ìgbélùú. Bí kò bá sì jáde, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Èmi ni mò ń kọ ìwé pélébé tí a ń fi sábẹ́ àwọn kòkòrò. Lọ́jọ́ tí mo lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti kọ ogójì láàárọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè orúkọ ìdílé, ọwọ́ mi ti kọ ti àfòpiná, Pyralidae, kí ojú mi tó rí i. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà wò ó títí.

Ó ní, "Kamaráàdì, ìdílé yín yìí, níbo ni wọ́n wà?"

Mo ní wọ́n pọ̀ níhà Íńdíà. Ó ní èyí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ó tiẹ̀ jọ Faransé. Ó lù ú ní òǹtẹ̀.

Màámi, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kí n má jẹ́ kí Sàbẹ yí orúkọ mi padà, pé Bàbá wà lájò lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ. Mo fẹ́ lọ tún un ṣe, ọ̀gá mi ní bí mo bá dá ìwé ìgbélùú náà padà, kí n má retí òmíràn. Ó wá fi ìwé àfòpiná hàn mí. Wọ́n ti yọ òun náà kúrò nínú ìran tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n mú un lọ sínú òmíràn. Ṣùgbọ́n wọn kì í pa orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ rẹ́. Inú àkámọ́ ni wọ́n ń fi í sí, lẹ́yìn orúkọ tuntun, títí ayé.

Mo tún jowú. Lẹ́yìn náà mo rántí pé èmi náà ní ẹni tó sọ mí lórúkọ.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún mi, ojú á rí ojú láyọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti gbogbo agbo ilé, títí kan àwọn tó ń jowú mi pé mo wà lókè òkun.

Ọmọ yín,
Àkànní Pyralidae (Màámi)