Kíjìpá tí Ìyá Rẹ Hun

Adégbénró ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ojú irin ní Jẹ́bà. Gbogbo wa ní Ṣakí wà láàyè. Ikọ́ mi kò tíì lọ, òjò kò sì rọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ iṣu ń kó mi lọ́kàn sókè. Ṣé òtútù kò mú ọ?

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní kíjìpá tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ wúwo, pé o fẹ́ fi tọrẹ. N kò ka ibẹ̀ sí ìyá rẹ létí. Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀, ni mo bá lọ jókòó tì í láti wo bí òwú ṣe ń di aṣọ. Ó fi ọ̀pá irin yí kóró jáde lára òwú, ó ran án, ọwọ́ rẹ̀ ti le bí èèpo igi.

Ó ní, “Baba Adégbénró, ṣé ẹ fẹ́ fi òwú ṣe orogún mi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rí i tí ó ń fi ọwọ́ wá fọ́nrán tí ó wà níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì, ọmọ mi. Láti ìgbà náà, n kì í wọ ẹ̀wù láìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n yé yọ òun lẹ́nu.

Jọ̀wọ́, má fi aṣọ náà tọrẹ. Kọ̀wé ọpẹ́ sí òun gan-an, kì í ṣe sí mi. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ṣùgbọ́n tètè kọ ọ́, kí ó ṣì lè rí ojú mi nígbà tí mo bá ń kà á fún un.

Èmi baba rẹ,
Mákindé