Èémí Inú Orin Náà

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Dókítà ní ẹ̀rọ ìlagi ibi iṣẹ́ mi ti ba etí mi méjèèjì jẹ́, wọn ò sì lè padà sípò mọ́. Ó ní kí n sá fún ariwo. Iṣẹ́ wo ni kí n wá máa ṣe?

Bí ọkọ̀ ṣe já wa sí Èjìgbò, mo ní kí Ràṣídátù àbúrò mi gbé àwọn orin àgbà olórin ràápù kan tí mo fẹ́ràn sí i lórí fóònù. Láti ilé ìwé girama ni mo ti ń gbọ́ ọ. Orin ebi rẹ̀ dára. Èyí tó fi ń bú àwọn olóṣèlú máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orin ikú ìyá rẹ̀ ló ga jù. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ìlù á dákẹ́, òun náà á mí kanlẹ̀. Èémí yẹn nìkan tó láti pa mí lẹ́kún.

Lónìí, ìlù nìkan ni mo gbọ́, bí ẹni ń gún iyán ní ojúlé kejì. Ohùn rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ mi.

Ràṣídátù fi ẹnu sún mọ́ etí mi, ó pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti mí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Mo ní mo gbọ́ ọ.

Inú rẹ̀ dùn. Ó tún gbé orin náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.