Ìyá Serge Kò Jẹ Ọmọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yìn Ọjà,
Dassa-Zoumè.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejìlá, 2024.

Ṣadé, ìyá Mùbárákà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Àjàṣẹ́? Bàbá Mùbárákà ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mùbárákà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò sunkún ilé ẹ̀kọ́ mọ́? Ọyẹ́ ti bo orí òkè gbogbo níbí, ètè wa ti là. Mo rí màmá rẹ ní ìsọ̀ wọn lánàá, ara wọn le, wọ́n sì ní kí n bá ọ wí pé o kì í pè wọ́n mọ́.

Má bínú pé n kò fèsì nígbà tí o pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kọjá ohun tí mo lè fi ohùn sọ láìsunkún. Marlène, àbúrò mi tó wà nílé ọkọ ní Kpingni, tún pàdánù ọmọ. Ìkejì nìyí.

O rántí àkọ́bí rẹ̀, Josué, bó ṣe sanra tó nígbà tí o gbé e. Obìnrin ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ké dáadáa nígbà tí wọ́n bí i, àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, gbogbo ara rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Kò gba ọmú. Wọ́n ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, a ò tíì débẹ̀ tó fi dákẹ́. Orí itan mi ló kú sí.

Ibẹ̀ ni ẹnu aráyé ti là. Ìyá Serge, ìyá ọkọ Marlène, ló máa ń fi òrí pa á níkùn nígbà tó wà nínú oyún. Àwọn ará ilé ní kí ni wọ́n pò mọ́ òrí náà? Serge, ọmọ tí Màmá fúnra wọn bí, dúró lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Màmá, ẹ sọ ohun tí ọmọ mi fi ṣẹ̀ yín." Nígbà tó tún ṣe, Marlène kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ wọn mọ́. Màmá di ẹrù wọn, wọ́n gba ilé ẹ̀gbọ́n wọn lọ ní Aklampa.

Lọ́dún yìí, Marlène tún lóyún. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó wọ oṣù keje, ọmọ náà kò yí mọ́. Òkú ni wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀. Ṣadé, ta ni Serge máa nàka sí lọ́tẹ̀ yìí?

Dókítà Blandine tó tọ́jú Marlène yẹ ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya àti ti Josué wò, ó sì pe èmi àti Serge sẹ́yìn nígbà tí Marlène ń sùn. Ó ní àmì kan wà lára ẹ̀jẹ̀ Serge àti ti Josué tí kò sí lára ti Marlène. Nígbà ìbí Josué, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kán sínú ara ìyá. Ara Marlène pè é ní ọ̀tá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní àńtíkọ̀ láti dojú kọ ọ́.

Ó ya ẹ̀ṣọ́ náà fún wa: ó rí bí igi kànnàkànnà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, orí pín sí méjì, ìdí jẹ́ ẹyọ kan. Orí méjèèjì yẹn ló fi ń di ọ̀tá mú, kì í sì í di ẹlòmíràn mú àfi ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ìdí rẹ̀ ló fi ń pe àwọn tó máa gbé ọ̀tá náà mì. Ìdí yìí kan náà ni ibi-ọmọ fi ń dá a mọ̀ tó ń jẹ́ kó kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Bí gbogbo ìyá ṣe ń fún ọmọ inú ní ààbò kó tó ní tirẹ̀ nìyẹn. Mo ní ṣé kò sí èyí tí kì í lè kọjá ni? Ó ní ó wà, àwọn ńlá tó so pọ̀ ní márùn-ún-márùn-ún, wọ́n tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Àwọn kékeré, ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ló wọlé tọ ọmọ, wọ́n di ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́; òun ló jẹ́ kí ojú ọmọbìnrin yẹn pọ́n.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ì bá ti fún un láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó bí Josué, kí ara rẹ̀ tó kọ́ ogun yìí. Kò rí i gbà. Ara ti kọ́ ọ báyìí, kì í sì í gbàgbé. Bó bá tún lóyún, àfi kí dókítà máa ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mìíràn sì lè jogún irú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ tí kò ní àmì náà, kí ó yè.

Serge sunkún bí ọmọdé. Èmi àti ẹ̀ wá gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí Aklampa. Màmá ń pa ẹ̀pà nígbà tí a dé. Serge dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ó ro gbogbo rẹ̀. Màmá bi mí pé, "Marlène ti gbọ́?" Mo ní rárá.

"Ẹ má sọ fún un. Ẹni tó sin ọmọ méjì, ẹ fẹ́ kó tún gbọ́ pé ara òun ni? Ẹ jẹ́ kó máa rò pé èmi ni. Ó ti mọ́ mi lára."

Ṣadé, omijé ò jẹ́ kí n ríran. Mo ní, "Màmá, bí kò bá mọ̀, kò ní tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà." Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó gbọ́dọ̀ ṣojú mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ọ́ ní Kpingni. Marlène fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo pa wọ́n?" Màmá fà á mọ́ra: "Ìyá kì í pa ọmọ. Ara rẹ ń ṣọ́ ẹ ni. Òkùnkùn ni kò jẹ́ kó dá ọmọ rẹ mọ̀." Àwọn méjèèjì sunkún títí ohùn wọn fi há.

Jọ̀wọ́, sọ fún ìyàwó Tàófíìkì àbúrò rẹ tó lóyún pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bá mi kí bàbá Mùbárákà àti gbogbo ará ilé.

Màmá dúró tì wá títí Marlène fi lè dìde. A rò pé wọ́n ti padà wálé nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá ẹrù wọn ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Serge bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Àgbàlá yìí ni n kò lè sùn sí mọ́."

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ wúwo,

Carine