Àkàrà Tí Mo Din fún Ẹni Tí Kò Kú

Ṣìkágò,
Oṣù Kọkànlá, 1983.

Àdùfẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà n'Íbàdàn? Ṣé ìyá àgbà ń rí oorun sùn, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Èmi àti bàbá rẹ wà, òtútù ibí nìkan ló fẹ́ gé wa létí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín yóò ṣọ́ ọ níbẹ̀, ìwé tí ò ń kà yóò yé ọ. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín pé ìyá mi ti tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà gígùn. Fara balẹ̀, ẹjọ́ ń bẹ nílẹ̀.

Bàbá rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfúrufú ní Des Plaines. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ máa ń ṣí fún mi kí n tó fọwọ́ kàn án, mo sì máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣí i. Bàbá rẹ ní kí n yéé dójú ti òun, ṣùgbọ́n ta ló lè sọ fún mi pé gíláàsì ń dá ara rẹ̀ ṣí?

Èmi náà ti ríṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ará Palẹ́sítínì kan tó ń jẹ́ Nábíìlì. Mùsùlùmí bíi tiwa ni, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ránà, sì máa ń fún mi ní búrẹ́dì gbígbóná. Iṣẹ́ yìí la gbójú lé láti fi san owó ọkọ̀ òfúrufú tí yóò gbé ọ wá bá wa, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí lọ́jọ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo dé lówùúrọ̀, mo rí àwòrán ńlá lára gíláàsì ṣọ́ọ̀bù: Yúsúfù, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá mi tó wà nílé lọ́hùn-ún, nílùú kékeré kan lẹ́bàá Násárẹ́tì. Ó wọ kóòtù, irun rẹ̀ funfun, kéwú gbàgàdà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kéwú tí èmi kà, lẹ́tà ló mọ̀, kò mọ ìtumọ̀, orúkọ Yúsúfù nìkan ni mo rí kà. Àdùfẹ́, tí wọ́n bá lẹ àwòrán àgbàlagbà báyìí nílé wa, kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí i? Má sọ fún mi pé pósítà ìbò ni, ta ló ń lẹ pósítà ìbò Násárẹ́tì ní Ṣìkágò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè tẹ̀ka?

Mo bú sẹ́kún. Mo sáré padà sílé, mo lọ ẹ̀wà tí mo ti rẹ sílẹ̀ fún oúnjẹ alẹ́, mo din àkàrà òkú àgbà, mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo ń pín in fún àwọn kọ́sítọ́mà, mo ń sọ fún wọn pé Yúsúfù ti re ibi àgbà ń rè.

Ìyá Ránà gbọ́, ó figbe ta, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àpò ìrẹsì. Àṣé àwọn kan ti ń halẹ̀ mọ́ Yúsúfù tẹ́lẹ̀, ọkàn obìnrin náà kò sì balẹ̀. Ọ̀gá mi ní ta ló pè mí lórí fóònù? Mo ní kò sẹ́ni tó pè mí, àwòrán ni mo rí. Ó ní káńsẹ́lọ̀ ni Yúsúfù ń dù! Àwọn òṣìṣẹ́, tíṣà àti àgbẹ̀ ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, wọ́n ní omi àti iléèwé gbọ́dọ̀ kárí mẹ̀kúnnù, irú ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ máa ń bá èèyàn jà lé lórí. Ó ní kí n bọ́ épúrọ́ọ̀nù òun sílẹ̀, kí n máa lọ.

Mo bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Ránà ní òun kò ní dìde àfi tí òun bá gbọ́ ohùn Yúsúfù. Wọ́n pè é, ó sì dáhùn! Ọ̀gá mi rojọ́ mi fún un, ẹ̀rín ọkùnrin náà sì ń ta jáde nínú fóònù títí dé ibi tí mo dúró sí. Ìyá Ránà túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé ó béèrè bóyá mo sunkún dáadáa. Wọ́n ní mo sunkún. Ó ní kí wọ́n má lé mi o, nítorí nínú gbogbo ará Ṣìkágò, èmi nìkan ló dá òun lójú pé mo wà lẹ́yìn òun. Bí mo ṣe gba épúrọ́ọ̀nù mi padà nìyẹn.

Wọ́n dìbò tán. Ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àyè díẹ̀, ṣùgbọ́n Yúsúfù kò wọlé. Ọ̀gá mi ká àwòrán náà kúrò, ó ní ó yá, kí n lọ din àkàrà náà wá wàyí. A jẹ ẹ́ tán. Ìyá Ránà wá ń béèrè bóyá èèyàn lè din ín láìsí òkú.

Má rẹ́rìn-ín pé ìyá tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń tọrọ nǹkan o. Gba ẹ̀wà olóyin lọ́wọ́ ìyá àgbà, yọ náírà díẹ̀ nínú owó àpò rẹ kí o fi ra ata gbígbẹ, kí o kó wọn fún Alàgbà Adéníjì, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń bọ̀ níbí. Kí o ya fọ́tò kún un, mo fẹ́ rí bí o ṣe ga tó. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni n ó fi í sí, mi ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kankan. Ojú mi kò ní rí àwòrán rẹ lára ògiri láé. Ìwọ ni yóò din àkàrà tèmi, nígbà tí mo bá gbó tí mo tó, tí eyín kò sí lẹ́nu mi mọ́ láti fi jẹ ẹ́.

Ìyá rẹ,
Sìmíátù.